Omi Ẹlẹ́rìí

Oníkúlà ni wọ́n ń pè é níbi gbogbo tó bá ti ń ṣiṣẹ́, nítorí àpótí kúlà tó máa ń gbé kọ́ èjìká kiri. Bí àwọn ọmọdé bá ti rí i, wọ́n á sáré tẹ̀lé e, wọ́n á ní kó ta áísìkiriìmù fún àwọn. Á ṣí àpótí náà fún wọn, wọ́n á rí yìnyín àti àwọn igo kéékèèké tí kò sí ohun tó ṣeé lá nínú wọn, wọ́n á sì fìbínú fi í sílẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí eré yìí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Bàbá Sípánà ti ṣẹlẹ̀, bí ọmọ kan bá ní kó ṣí àpótí, àyà rẹ̀ á já.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ilé epo kan wà nígbà kan lókè òpópónà náà. Wọ́n ti wó o, wọ́n sì ti hú àwọn táńkì rẹ̀ jáde nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè búra pé epo kò jò sílẹ̀ rí? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ kànga ìṣọ́ káàkiri, láti òkè òpópónà títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ má rò pé kànga tí èèyàn ń pọn omi nínú rẹ̀ ni o. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ títí tó fi kan omi, tí wọ́n fi irin dé lórí, tí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ẹnikẹ́ni kì í mu nínú rẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ ló ń ṣọ́, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ẹ̀gbin bá ń bọ̀ wá bá kànga àwọn tó ń mu ún. Oníkúlà ló máa ń lọ bu omi inú wọn, tí á gbé e lọ fún Màmá Onígò, ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe alábòójútó yàrá àyẹ̀wò.

Màmá Onígò kì í pariwo, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ pọ̀ ju ti bárékè lọ. Ẹni tó ń lọ bu omi kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, kò sì gbọdọ̀ fi ìpara pa ọwọ́. Omi tó ti sùn nínú páìpù, kó fi ẹ̀rọ fà á dànù títí tí tuntun á fi wọlé. Kànga kọ̀ọ̀kan, ìbọ̀wọ́ tuntun. Kó bu omi kún inú igo dé ẹnu, kó dé e, kó wá dorí rẹ̀ kodò, kó sì tẹjú mọ́ ọn bóyá afẹ́fẹ́ ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, nítorí inú afẹ́fẹ́ yẹn ni èéfín epo máa ń sá sí. Èyí tó wá ga jù lọ ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kan bẹntiróòlù lọ́jọ́ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igo.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó rú òfin ni omi ẹlẹ́rìí. Omi tó mọ́ pátápátá ni, tí Màmá Onígò fúnra rẹ̀ máa ń pèsè. Oníkúlà á gbé e dání, bó bá dé ìdí kànga, á da díẹ̀ nínú rẹ̀ sí igo pẹ̀lú ọwọ́ kan náà tó fi bu omi kànga. Bí ẹ̀gbin bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, omi ẹlẹ́rìí á mú un. Bí omi kànga bá wá dọ̀tí tí omi ẹlẹ́rìí sì mọ́, a jẹ́ pé inú ilẹ̀ lẹ̀gbin ti wá nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Oníkúlà mọ gbogbo èyí ní àmọ̀dunjú. Òun ló ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀tọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí kànga ọ̀tọ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó dá ọgbọ́n kan. Kó tó kúrò ní ọ́fíìsì láàárọ̀, á jókòó lórí àga lábẹ́ igi àgbàlá, ife tíì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì da omi ẹlẹ́rìí sínú gbogbo igo tó yẹ kó dà á sí lójú iṣẹ́. Ó ti ṣe é rí, ó tún un ṣe, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ohun tó máa ń ba èèyàn jẹ́ náà nìyẹn, kéèyàn ṣe é kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀.

Kànga tó gbẹ̀yìn nísàlẹ̀ òpópónà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sípánà. Ọkùnrin ọlọ́yàyà ni, ẹlẹ́rìn-ín, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dúdú débi pé kò sẹ́ni tó mọ àwọ̀ tí wọ́n rà á. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, oòrùn ń han èèyàn léèmọ̀. Oníkúlà ti fa omi tó sùn dànù tán, ó kù díẹ̀ kó bu tuntun, ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ bá wúkọ́, ó sì kú. Epo ti tán.

Bàbá Sípánà yọrí jáde lábẹ́ ọkọ̀ kan. "Oníkúlà, ṣé ibí lo fẹ́ sùn ni?"

"Epo ló tán, sà."

"Èyí náà ni o wá ń wò bíi pé ẹnìkan kú?" Ó dìde, ó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tirẹ̀ wá, ó sì dà á. Kò sí àrọ nítòsí, nítorí náà Oníkúlà fi ọwọ́ méjèèjì ràdọ̀ bo ẹnu táńkì náà kó má bàa dànù, epo sì ṣàn gba orí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ sanwó, Bàbá Sípánà bínú sí i. Ó ní, "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níwájú mi jàre. Ìwọ tó ò ń ṣọ́ omi tí à ń mu, èmi ni màá gbowó epo lọ́wọ́ ẹ?"

Páálí ìbọ̀wọ́ tuntun wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà sì wà lókè òpópónà. Oníkúlà wo òkè náà, ó wo oòrùn, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó bu omi sínú igo, ó dé e, ó dorí rẹ̀ kodò, ó tẹjú mọ́ ọn. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni.

Nígbà tí èsì jáde, Màmá Onígò pè é wọ yàrá àyẹ̀wò. Àwọn kànga òkè mọ́. Kànga ìsàlẹ̀ nìkan, èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ni bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀.

"Kì í ṣe ilé epo àtijọ́ ló ń bọ̀," Màmá Onígò sọ. "Bó bá jẹ́ tibẹ̀ ni, àwọn kànga òkè ni ì bá kọ́kọ́ mú un. Mẹkáníìkì yẹn ni."

Oníkúlà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà téèyàn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. "Omi ẹlẹ́rìí ńkọ́, Mà?"

"Ó mọ́ tónítóní. Ìdí kànga lo ti dà á sí igo, àbí?"

Ẹnu rẹ̀ ṣí. Ó rí iṣẹ́ tó ti ń ṣe bọ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Ó rí àwọn tó kọ́ níṣẹ́, ó sì rí bí Màmá Onígò ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e débi pé kò tiẹ̀ gbójú sókè nígbà tó ń bi í léèrè. Ó ní, "Ìdí kànga ni, Mà."

Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ kékeré náà ṣe jáde, ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ yí padà.

Ọ̀rọ̀ wá di ti àdúgbò. Wọ́n fi pákó dé kànga tí Ìyá Àgbà, ìyá arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ń mu, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ṣẹlẹ̀ pé inú ti ń run ọmọ-ọmọ ìyá náà láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Inú rírun ọmọdé lásán ni, irú èyí tó ń wá tó ń lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù, gbogbo wọn ké pé, "Áà, abájọ!" Onílé ní kí Bàbá Sípánà máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá bá a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí.

Oníkúlà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó di ẹni tó ń fọwọ́ ṣáá. Ó fọ̀ ọ́ kó tó jẹun, ó fọ̀ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó dìde lórí àga níbi tó ti ń gbọ́ ìròyìn, ó tún lọ fọ̀ ọ́.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. "Bàbá wọn, kí ni ọwọ́ yìí ṣe ẹ́?"

"Ó ń rùn."

Obìnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ imú. "Ọṣẹ ló ń rùn. Odidi ọṣẹ lo ti fi fọwọ́ tán. Ta lo ṣẹ̀?"

"Kò sí."

"Kò sí yìí ti wá pọ̀ jù nínú ilé yìí," obìnrin náà wí, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń dà.

Ohun tó fi ń fọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ ni pé wọ́n máa ní kí òun tún omi náà bù. Ó ti pinnu. Lọ́tẹ̀ yìí á pa gbogbo òfin mọ́, omi náà á mọ́, Bàbá Sípánà á dúró sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì ní sí ìdí tí òun á fi la ẹnu. Nígbà tí Màmá Onígò sì rán an lóòótọ́, Oníkúlà fọgbọ́n wádìí.

"Bí èyí bá wá mọ́ ńkọ́, Mà?"

"Kó mọ́ o, kó má mọ́ o, ọkùnrin yẹn á kúrò. Ti àkọ́kọ́ ò ṣeé gbé jù sẹ́yìn, omi ẹlẹ́rìí rẹ̀ mọ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń rìn, bó bá gbé ẹ̀gbin kọjá lónìí, kò ní kó má tún gbé òmíràn wá lọ́la." Ó na igo omi ẹlẹ́rìí tuntun sí i. "Kó o ṣe é bó o ṣe máa ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn yẹn bá a dé ilé, kò jẹ́ kó sùn dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi àpótí kọ́ èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òpópónà. Ẹ̀ṣọ́ ọ́fíìsì ló bá a da epo sínú jẹnẹrétọ̀ láti àná, òun kò fi ìka kan epo náà. Kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù tó fi rí ẹnìkan tó ń ti wílíbárò bọ̀ láti òdìkejì, kẹ́ẹ̀gì omi kún inú rẹ̀, táyà rẹ̀ ń dún. Bàbá Sípánà ni. Ó ti rù, aṣọ iṣẹ́ dúdú náà wá ń fẹ́ lára rẹ̀.

"Oníkúlà! Ọmọ ìyá mi! O ti dé."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ wá ń pọnmi?"

"Ta ni kó pọn ọ́n? Ṣebí èmi ni mo ba tiwọn jẹ́?" Ó gbé wílíbárò kalẹ̀, ó nu òógùn. "Ẹ̀yìn ọ̀nà ńlá lọ́hùn-ún ni ẹ̀rọ omi wà. Mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ti Ìyá Àgbà, kí n tó ṣe ti àwọn yòókù. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, àbúrò. Àgbàlagbà bíi tèmi. Ọmọ yẹn dúró lẹ́yìn ìyá ìyá ẹ̀, ó ń wò mí." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. "Gbogbo epo tí mo ti dà sílẹ̀ láyé mi, bí mo bá ti dùbúlẹ̀, òun ni mò ń rò. Èmi ò mọ̀ pé ó lè rìn tó bẹ́ẹ̀. Wá wò ó."

Ó mú un wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ha ilẹ̀ ibẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tó ti le bíi kọnkéré látàrí epo ọjọ́ pípẹ́ ni ó ti fi ṣọ́bìrì ha kúrò pátápátá, ó dì í sínú àpò, ó tò wọ́n ti ògiri. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ló kù nílẹ̀, ó mọ́ ju ilẹ̀ yàrá ẹlòmíràn lọ. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀.

"Wọ́n á rí i pé mo gbìyànjú, àbí?" Bàbá Sípánà béèrè.

Oníkúlà sáré gba ẹ̀yìn lọ sídìí kànga rẹ̀, ó ṣí kọ́kọ́rọ́, ó sọ páìpù ẹ̀rọ sílẹ̀, ó tan jẹnẹrétọ̀. Ó fa omi tó sùn dànù títí tó fi mọ́ gaara. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Ó ti mú igo àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn.

Bàbá Sípánà ló ń bọ̀, kẹ́ẹ̀gì kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fọ ara kẹ́ẹ̀gì náà mọ́. "Mo ra tìẹ sílẹ̀," ó wí. "Kí epo má tún lọ tán mọ́ ẹ lọ́wọ́ bíi tọjọ́sí. Jẹ́ kí n bá ẹ—"

"Rárá!" Oníkúlà fò sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ má gbé e sún mọ́ mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ!"

Bàbá Sípánà dúró sójú kan. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀díẹ̀. Ó wo kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ó wá gbé e pa mọ́ sẹ́yìn ara.

"Kò burú," ó wí. "Àwọn yòókù ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, mi ò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìwọ... Ó dáa. Mo ti di ẹlẹ́gbin lóòótọ́."

Ó yí padà, ó ń lọ. Oníkúlà rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí ọwọ́ tó di kẹ́ẹ̀gì náà mú, ọwọ́ kan náà tó da epo fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kò mọ ìgbà tó pa jẹnẹrétọ̀. Ṣe ni ó kàn gbọ́ tí gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ dúró, sà. Kì í ṣe pé mo kórìíra yín. Epo yẹn ni. Epo tẹ́ ẹ fún mi lọ́jọ́sí ni wọ́n rí nínú igo."

Bàbá Sípánà yíjú padà.

"Ó ṣàn sí ìbọ̀wọ́ mi, mi ò pàrọ̀ ẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo fi bu omi. Ó yẹ kí n ti da omi kan tí a fi ń dán ọwọ́ wa wò sínú igo níbí, ì bá sì ti tú mi fó. Ọ́fíìsì ni mo ti dà á, mò ń mu tíì. Wọ́n bi mí, mo purọ́. Kò sí nǹkan kan nínú ilẹ̀ yín. Kò sí nǹkan kan nínú kànga Ìyá Àgbà. Èmi ni."

Ó dúró de ìfọ́tí. Ó tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ṣe ni Bàbá Sípánà rọra jókòó sórí táyà tó wà níbẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọmọ yẹn," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Inú tó ń run ún. Kì í ṣe èmi?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin, sà."

"Tún un sọ."

"Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. Nígbà tó ṣí ojú, ó ti pupa, kò sì sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́. "Pe ọ̀gá ẹ. Níbí. Kí n máa gbọ́."

Ó pè é. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀, tíì inú ife kò gbẹ́yìn.

"Ṣé o ti bu tòní?" Màmá Onígò béèrè.

"Mi ò tíì bù ú, Mà."

"Má fọwọ́ kan igo kankan. Èmi fúnra mi ń bọ̀ wá bù ú." Kò bú u. Kò tilẹ̀ dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn pa fóònù, Oníkúlà sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò tíì parí síbẹ̀.

Bàbá Sípánà ti dìde. Ó ti padà sídìí wílíbárò rẹ̀.

"Ẹ má pọn ọ́n mọ́, sà. Ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́."

"Kí wọ́n wá mu kí ni lónìí? Pákó ṣì wà lórí kànga wọn." Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan, ó sì ti òmíràn sí Oníkúlà láyà. "Gbé e. Ilé tí mo ti dọ̀bálẹ̀, ibẹ̀ lo máa sọ ọ́."

Kẹ́ẹ̀gì náà wúwo ju àpótí kúlà lọ. Ó tutù, ó sì ń kán sí i lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà kò jìnnà rárá. Bàbá Sípánà kan ilẹ̀kùn, ó wá fà sẹ́yìn, ó fi Oníkúlà nìkan sílẹ̀ níwájú.

Ìyá náà ṣílẹ̀kùn, ọmọ náà sì dì mọ́ ìró rẹ̀. Ìyá náà gbójú fo Bàbá Sípánà tó wà lẹ́yìn, ó rí Oníkúlà, ojú rẹ̀ sì là.

"Oníkúlà! Ìwọ náà lo tún wá pọnmi fún wa? Ìwọ tó o yọ ọmọ mi nínú májèlé? Bí kì í bá ṣe tìẹ ni, kí ni ǹ bá wí? Ojojúmọ́ ni mò ń dárúkọ ẹ nínú àdúrà. Bẹ̀rẹ̀ kí n gbọ́wọ́ lé ẹ lórí. Ọlọ́run tó fi ẹ́ ṣọ́ ọmọ mi—"

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń bọ̀ lórí rẹ̀. Oníkúlà gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó wólẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀ níbi tí Bàbá Sípánà ti fi tirẹ̀ lélẹ̀.

"Ìyá," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe àdúrà yẹn."